Àpáta Ẹ̀yìn Ilé: Ìgbésí Ayé Olóògbé Amos Ògúnmọ́dẹdé, Afọ́kúta Ọ̀tan-Ilé (1949–2025)

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1949 ni a bí olóògbé Amos Ògúnmọ́dẹdé ní Ọ̀tan-Ilé, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nínú agbo ilé Ògúnmọ́dẹdé tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè. Bàbá tí ó bí wọn ni Ògúnmọ́dẹdé Afọ́kúta, olùsìn Ògún, ẹni tí ó ń la àpáta fún àwọn tí ń kọ́lé láti Ọ̀tan-Ilé títí dé Iléṣà. Ìyá wọn ni Ọmọ́tárá, ọmọ Òṣú, tí ó ń ta iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ. Ọmọ méjì ni ó dàgbà nínú àwọn tí Ọmọ́tárá bí. Olóògbé ni àkọ́bí. Micah, tí ẹbí ní kí ó kọ ìtàn yìí, ni àbíkẹ́yìn.

Ẹbí mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn ti gbọ́ nípa àpáta tí ó wà lẹ́yìn ilé olóògbé. A gbọ́ pé àwọn kan ń béèrè bóyá ó yẹ kí àwọn jókòó sí àgbàlá wa rárá. Ìbéèrè náà kò bí wa nínú. Òun gan-an ni kò jẹ́ kí àwa náà rí oorun sùn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nítorí náà, bí a ti ń sọ ìgbésí ayé olóògbé, a óò sọ ti àpáta náà pẹ̀lú, bí ó ti rí gan-an.

Ní ọdún 1956 ni olóògbé bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ ní Ọ̀tan-Ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sì gba orúkọ Amos. Bàbá wọn kò lòdì sí i. Ohun tí bàbá sọ ni pé kí ìwé má jẹ́ kí ọmọ náà gbàgbé bí a ṣe ń di òòlù mú. Ní oṣù Kejì ọdún 1960, bàbá ń la àpáta kan ní ọ̀nà Òṣú fún agbaṣẹ́ṣe kan tí ó ń kánjú. Dípò kí bàbá lu àwọn èèkàn irin tí wọ́n kì bọ inú àpáta náà lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì fi òkúta sílẹ̀, bàbá lu èèkàn náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Àpáta náà là nígbà tí bàbá ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n kú kí a tó gbé wọn dé ilé. Inú kíláàsì ni a ti lọ pe olóògbé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n nígbà náà.

Ní ọdún 1962, lẹ́yìn tí wọ́n jáde ìwé mẹ́fà, ìyá wọn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú òòlù bàbá, wọ́n sì lọ bá ọ̀rẹ́ bàbá kan tí ó ń fọ́ òkúta. Iṣẹ́ òòlù yìí ni wọ́n fi rán Micah lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Iléṣà, tí ó fi jáde ní ọdún 1972, tí ó sì di akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn fúnra wọn kò padà sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. A kò gbọ́ kí wọ́n ráhùn nípa rẹ̀ rí.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Wọn kì í lo ẹ̀tù, wọn kì í sì í lo ẹ̀rọ. Wọn á kọ́kọ́ yí àpáta ká fún ọjọ́ kan tàbí méjì, wọn á máa fi òòlù kékeré kàn án, wọn á máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn á fi irin ìluhò lu ihò sí ojú ìlà kan ṣoṣo, kí ihò kọ̀ọ̀kan jìn tó ìka ọwọ́. Wọn á ki èèkàn irin bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀, wọn á fi òòlù ńlá lu èèkàn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn á sì dúró gbọ́. Bí èèkàn bá ti ń le sí i ni ohùn rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i. Nígbà tí ohùn gbogbo wọn bá ti dọ́gba, wọn á gbé òòlù sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, òkúta ni ó ń la ara rẹ̀. Ó lè gba wákàtí kan, ó sì lè gba ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn afọ́kúta yòókù a máa lu tiwọn títí yóò fi là. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ olóògbé ní Ó-dọ̀la. Agbaṣẹ́ṣe kan láti Iléṣà dé ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ kan, ó bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí ní ìdí àpáta, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Bàbá Ó-dọ̀la, ṣé ẹ ń la òkúta yìí ni, àbí ẹ ń tọ́ ọ?"

Olóògbé ní, "Mo ti ṣe tèmi. Ó ku tirẹ̀. Jókòó, kí o bù nínú ẹ̀pà."

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1976, wọ́n gbé Phebe níyàwó ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Òṣú. Aránṣọ ni Phebe. Kí ó tó gbà láti fẹ́ wọn, ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè, pé kí ilé tí òun yóò máa gbé wà níbi tí òun ti lè gbọ́ òòlù. Ní ọdún 1985 ni wọ́n kọ́ ilé náà sí ẹsẹ̀ òkè. Láti ìgbà náà, bí òòlù bá dákẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, Phebe á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, á jáde sí ẹ̀yìn ilé, á sì dúró síbẹ̀ títí yóò tún fi dún. Ogójì ọdún ni ó fi ṣe èyí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Ní ọdún 1981, Zulkifli, ọmọ Òṣogbo, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olóògbé. Ó ṣe fíríìdọ̀mù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò lọ. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Olóògbé á bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún àpáta, Zulkifli á bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, wọn á sì pàdé láàárín. Etí Zulkifli mú bí ti ọ̀gá rẹ̀. Òun a tilẹ̀ máa sọ pé ó mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, olóògbé á sì ní kí ó máa lu èèkàn rẹ̀ kí ó yé sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, àpáta kan ní ọ̀nà Òṣogbo kọ̀, kò là fún ọjọ́ márùn-ún. Zulkifli kó táyà sí ìdí rẹ̀, ó sì tiná bọ̀ ọ́ kí olóògbé tó dé ibẹ̀. Bí olóògbé ṣe ń sáré bọ̀ láti pa iná náà ni òkúta bú. Ó mú etí òsì wọn lọ, kò sì padà mọ́. Wọn kò bú Zulkifli, wọn kò sì bá a jà. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín àwọn afọ́kúta wa, ẹni tí a bá gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkúta ẹni tí ó gbà á mọ́, àfi bí ẹni náà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà. Zulkifli lọ sí Òṣogbo, ó ń ta ọlọ ní Old Garage. Ó lé ní ọdún méjìlá tí àwọn méjèèjì kò fi ojú kan ara wọn.

Nínú ìgbàgbọ́, olóògbé jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì títí dé òpin, wọ́n sì jẹ́ olórí kíláàsì fún ọdún mọ́kàndínlógún. Síbẹ̀, wọn kì í fi òòlù bàbá wọn sílẹ̀lẹ̀ lásán. Orí pákó ni wọ́n ń gbé e lé. Nínú iṣẹ́ ìlú, àwọn ni ó la òkúta tí a fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò, àwọn náà ni ó sì la èyí tí a fi ṣe àtẹ̀gùn tí ó lọ sí odò. Wọ́n ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn afọ́kúta láti ọdún 1998 sí 2010. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ìpàdé.

A wá dé orí àpáta náà. Ó ti wà níbẹ̀ kí a tó kọ́ ilé. Ó ga ju òrùlé lọ, ó sì fẹ̀ tó yàrá mẹ́rin. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu títí di òjò ọdún 2024, nígbà tí àgbàrá wa ilẹ̀ kúrò lábẹ́ apá òsì rẹ̀. Apá ọ̀tún ṣì jókòó lórí òkúta tí kò lè mì, ṣùgbọ́n òsì ti wà lórí afẹ́fẹ́. Bí apá méjèèjì bá ṣì so pọ̀, òsì yóò fa ọ̀tún yí wá sórí ilé. Bí wọ́n bá pín yà ní ibi tí ó yẹ, òsì yóò bọ́ sínú kòtò àgbàrá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀tún yóò sì wà ní ipò rẹ̀. A kọ ìwé sí àwọn tí ó yẹ, a ṣì ń dúró de èsì. Ọkùnrin kan tí ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta wá wò ó. Ó ní bí òun bá yin ẹ̀tù sí i, ilé mẹ́ta ni yóò bá a lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún yìí, olóògbé gun òkè lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò. Mẹ́rìndínlógún ni ihò náà. Oṣù kan ni wọ́n fi lù ú tán. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu èèkàn, ẹ̀ẹ̀kan péré ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí etí òsì tí kò gbọ́ràn mọ́, wọ́n ní kí Phebe wá máa dúró ní apá òsì àpáta, kí ó máa sọ bí ó ṣe ń dún. Obìnrin tí ó ti ń bẹ̀rù ìdákẹ́ òòlù láti ogójì ọdún ni ó ń dúró ti àpáta ní àràárọ̀, tí ó ń sọ pé, "Kò tíì tó." Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ rẹ̀ á gbé òòlù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, olóògbé lu tọjọ́ náà tán, wọ́n wọlé láti mu ẹ̀kọ. Ife bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wọn mọ́. Fún ọjọ́ márùn-ún ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń na ọwọ́ kan tí ó ṣì ń gbé sí ìhà fèrèsé. A rò pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n fẹ́, a sì ń ṣí fèrèsé náà fún wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n dákẹ́. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Àṣà ẹgbẹ́ àwọn afọ́kúta ni pé bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, wọn á kó gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ jọ sórí ẹní nínú yàrá rẹ̀ títí di ọjọ́ ìsìnkú. Kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan. Ní Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù náà, Ọdúntán tí ó jẹ́ alága ẹgbẹ́ lónìí mú ọkùnrin mẹ́ta wá. Wọ́n wo inú àpótí olóògbé, wọ́n rí i pé èèkàn kò pé. Wọ́n gun àpáta lọ láti yọ ìyókù. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Micah wà níbẹ̀, kò sì dá wọn dúró.

Nígbà tí wọ́n yọ èèkàn karùn-ún ní apá òsì, nǹkan kan ró nínú àpáta náà. Kò pariwo. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi oríkèé ìka kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni iyanrìn dà sórí páànù ilé ìdáná. Ọdúntán sọ̀ kalẹ̀, èèkàn márùn-ún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ó dà bíi pé a ti ṣe nǹkan tí kò dára."

Èèkàn mọ́kànlá ṣì ń ti àpáta ní ìhà kan, kò sì sí ohun tí ń tì í ní ìhà kejì mọ́. Bí ó bá là báyìí, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí yóò bọ́ sí. Ní ọjọ́ Ẹtì, Micah fi ẹ̀kọ lẹ ìwé pélébé mẹ́ta mọ́ ojú ibi tí ó ti sán, kí a lè mọ̀ bóyá ó ń fẹ̀ sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìwé méjì ti fà ya. Àwọn aládùúgbò méjì kó ọmọ wọn jáde ní ọjọ́ náà. Sánmà ṣú ní ìhà Iléṣà, a ń wò ó títí ó fi kọjá.

Phebe, tí gbogbo wa ń fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè ní Ìyá Dúró, kò kúrò nínú ilé. Micah wí fún un pé, "Ìyá Dúró, di ẹrù rẹ. Ilé mi ní Òṣú ni a ń lọ."

"Akọ̀wé, ẹ máa lọ. Mi ò lọ."

"Àpáta ni mo ń sọ. Kì í ṣe pé mo ní kí o wá kí wa."

"Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Bàbá Dúró ní kí n máa gbọ́ apá òsì. Tí mo bá lọ sí Òṣú, ta ni yóò máa gbọ́ ọ?"

Ní ọjọ́ Àìkú, ẹbí ṣe ìpàdé. Ọdúntán sọ níṣojú gbogbo wa pé kò sí ẹni tí ó lè fi etí mọ òkúta náà nínú ẹgbẹ́ òun. Dúróoríkẹ́, àkọ́bí olóògbé, ni ó dárúkọ Zulkifli. Ní ọjọ́ Ajé, Micah wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo.

Ó bá Zulkifli láàárín ọlọ rẹ̀ ní Old Garage. Oṣù ààwẹ̀ ni, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó wo Micah dáadáa kí ó tó sọ̀rọ̀. "Akọ̀wé, ẹ rù o. Ṣé ẹ̀yin náà ti ń gbààwẹ̀ ni?"

Micah sọ ohun tí ó gbé e wá. Zulkifli kò tíì gbọ́ pé olóògbé ti kú. Ó ní, "Ìnnà lílláhì," ó sì jókòó sórí ọlọ kan. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè iye èèkàn tí wọ́n yọ. Micah ní márùn-ún.

"Ní apá wo?"

"Apá òsì."

"Apá tèmi," ni Zulkifli wí. Lẹ́yìn náà ó mi orí. "Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹni tó gba òòlù lọ́wọ́ mi ti lọ, wọn ò dá a padà. Ojú nìkan ni mo lè fi bá yín wò ó."

Ó wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó yí àpáta ká, ó gbé etí lé e ní ibi mẹ́fà tàbí méje. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, Ọdúntán ni ó kọ́kọ́ kọjú sí. "Ọdúntán, ta ló kọ́ ẹ pé kí o máa yọ eyín lẹ́nu ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́?"

"Àṣà ni, Alhaji."

"Àṣà ni kí ẹ kó irin òkú jọ. Irin tí ẹ yọ yìí ò tíì kú, ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ó bi Phebe bí apá òsì ṣe dún ní ọjọ́ tí olóògbé lù ú kẹ́yìn. Phebe fi ṣíbí kan etí ife irin kan, ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀. Zulkifli ní kí ó tún un kàn. Ó wá sọ fún ẹbí pé ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà yóò gbà, bí òjò ńlá kò bá rọ̀. Kí èèkàn márùn-ún náà padà sí ihò wọn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n bá àwọn yòókù dọ́gba. Ó ní kí a wá ẹni tí yóò lù ú, òun yóò máa dúró nílẹ̀ sọ fún un.

Dúróoríkẹ́ wọ yàrá bàbá rẹ̀ lọ, níbi tí àpótí irin wà. Ó mú nǹkan kan jáde tí a fi àpò dì. Òòlù Zulkifli ni. Irin rẹ̀ ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n tuntun ni igi ọwọ́ rẹ̀, epo tí a fi pa á ṣì wà lára rẹ̀. Ó kúrú. Olóògbé ga, òòlù tiwọn gùn, kò sì sí ẹlòmíràn lẹ́yìn Zulkifli tí ó ń lo ọwọ́ òòlù tí ó kúrú bẹ́ẹ̀.

Phebe ní, "Oṣù Kejì ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Mo bi wọ́n pé ta ló ni ín. Wọ́n ní kí n máa rán aṣọ mi."

Zulkifli gbà á, ó yí i lọ́wọ́, ó gbé e sókè gbé e sílẹ̀. "Wọ́n gbẹ́ ẹ kúrú jù," ni ó wí. "Àbí wọ́n rò pé mo ti sún kì?" Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọdúntán sọ, gẹ́gẹ́ bí alága, pé ẹgbẹ́ gbà pé ọwọ́ olóògbé ni ó gbé òòlù náà fún un. Zulkifli bọ́ fìlà, ó gun òkè.

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni a kò fẹ́ rántí. Pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, ó ń da èèkàn padà, ó ń lù ú díẹ̀, ó ń dúró. Phebe wà ní ibi tí ó máa ń dúró sí. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, òjò rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi sì tún ṣàn gba abẹ́ àpáta náà kọjá. Gbogbo ìwé tí Micah tún lẹ̀ ni ó fà ya. Zulkifli ní kí ó yé lẹ ìwé, pé ẹ̀rù ni ó ń dá ba ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, ó ní òun fẹ́ kí àdúgbò dákẹ́. A bẹ àwọn aládùúgbò, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí ń lọ ata dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Àwọn tí ó wá kẹ́dùn jókòó sí ojú ọ̀nà, a sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sunkún. Wọ́n gbà. A gbọ́ òòlù náà lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún.

Phebe ní, "Ó tó."

Zulkifli ní, "Ìyá Dúró, ó ku ẹyọ kan ní òsì. Mo gbọ́ ọ."

"Ó tó, mo ní."

Ó wo Phebe, ó wo èèkàn náà. Òkúta tí òun náà kò lè mú sùúrù fún ní ọjọ́sí ni ó fọ́ etí ọ̀gá rẹ̀. Ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó kó ìyókù wa jáde sí ojú ọ̀nà, Phebe sì tẹ̀ lé e. Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni.

A dúró. Aago mẹ́sàn-án kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní aago mẹ́wàá, Ọdúntán béèrè ní ohùn kékeré bóyá kí òun lọ wò ó. Zulkifli ní kí ó jókòó. Aago mọ́kànlá kọjá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó sì yẹ kí ó ti máa múra mọ́ṣáláṣí. Ó wo oòrùn, kò kúrò níbẹ̀. Phebe di ọwọ́ Dúróoríkẹ́ mú. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, a gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí aránṣọ bá fa aṣọ ya. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Apá òsì bọ́ sínú kòtò àgbàrá. Ó fọ́ dúrọ́ọ̀mù omi kan, ó sì wó igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì. Kò fọwọ́ kan ilé. Apá ọ̀tún wà ní ipò rẹ̀.

Ohun tí ó kù tí ẹ gbọdọ̀ mọ̀ nìyí. Zulkifli ti gbé etí lé apá ọ̀tún náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ọjọ́ náà, ó ní ó jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ní kí a má ṣe fọkàn balẹ̀ pátápátá títí òjò ńlá méjì yóò fi rọ̀ lé e lórí. Kò tíì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bí a ti ń kọ ìwé yìí. Nítorí náà, iwájú ilé ni a óò ta àtíbàbà sí ní ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gba ẹ̀yìn ilé, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì di ọmọ yín mú. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, gbogbo wa yóò bọ́ sí ojú ọ̀nà láìdúró de ẹnikẹ́ni láti sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí olóògbé fi sáyé lọ ni ìyàwó wọn, Phebe. Àwọn ọmọ wọn, Dúróoríkẹ́ tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Iléṣà, Ayọ̀ḿpọ̀sí tí ó ń gbé ní Ìbàdàn, àti Tinúolúwa tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ-ọmọ mẹ́fà, tí Ìmísíolúwa jẹ́ àgbà wọn. Àbúrò wọn kan ṣoṣo, Micah. Àti Alhaji Zulkifli, ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́.

Bọ̀dá Amos, ìyàwó yín ń sùn nínú ilé rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì náà. Ẹ̀yin náà, ẹ sùn. Kí ilẹ̀ Ọ̀tan-Ilé rọ̀ yín lábẹ́, kí Olúwa wa sì jí yín ní àkókò tirẹ̀.